Àbúrò Ojú Fèrèsé

Omi kì í purọ́. Ọ̀rọ̀ tí Bàbá Páìpù máa ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ nìyẹn. Bí ògiri bá ń tutù, omi ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Bí omi bá sì ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, ó níbi tó gbà débẹ̀. Ká wá ibẹ̀ rí, ká dí i, kí oníkálukú máa bá tiẹ̀ lọ. Ọgbọ́n tó fi ń jẹun nìyẹn láti ìgbà tí kò tíì hu irùngbọ̀n títí irùngbọ̀n náà fi funfun. Kò já a kulẹ̀ rí, àfi lọ́dún tí ìyàwó rẹ̀ rìnrìn àjò tó fi Àbúrò sílẹ̀ fún un.

Àbúrò kì í ṣe ènìyàn. Ewéko kékeré kan ni, tó ń gbé inú ife ńlá aláwọ̀ búlúù lójú fèrèsé ilé ìdáná. Ewé rẹ̀ sanra bí ìka ọmọ ọwọ́, wọ́n sì tò yí ara wọn ká, wọ́n forí jọ, bí àwọn tó ń gbọ́ àṣírí. Ó jọ ọ̀dúndún, ó jọ àbámọdá, kì í sì ṣe èyíkéyìí nínú wọn. Ká ṣáà pè é ní ìbátan wọn tó lọ sájò tí kò padà wálé. Àbúrò ìyàwó Bàbá Páìpù ló gbìn ín. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e sójú fèrèsé yẹn lọ́dún tí àìsàn mú un lọ. Obìnrin náà kò bímọ, kò kọ́lé. Aṣọ rẹ̀ ti gbó, fọ́tò rẹ̀ ti ń ṣá. Nínú ohun gbogbo tó fi sílẹ̀ láyé, ewéko yìí nìkan ló ṣì ń dàgbà. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ń pè é ní Àbúrò, tó sì ń kí i láràárọ̀ kó tó kí ọkọ.

Nígbà tó wá di pé ọmọbìnrin wọn bímọ nílùú mìíràn, tí ìyá gbọ́dọ̀ lọ bá a tọ́jú ìkókó, ọ̀rọ̀ Àbúrò ló sọ kẹ́yìn lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá wọn, mo fi Àbúrò sílẹ̀ fún yín o. Ẹ máa fún un lómi díẹ̀, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Tí mo bá dé tí mi ò bá a láàyè..." Kò parí ọ̀rọ̀ náà.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?" ni Bàbá Páìpù wí. "Èmi tí mò ń fún odidi àdúgbò lómi, ṣé ewé kan ni mi ò ní lè fún?"

Obìnrin náà wò ó lókè wò ó nílẹ̀, ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Ká má purọ́ mọ́ ọn, ó nídìí tó fi wò ó bẹ́ẹ̀. Bàbá Páìpù kò mutí, kò ta tẹ́tẹ́, kì í jẹ́ kí oníbàárà wá a kiri. Ìgbàgbé nìkan ni àrùn rẹ̀. Ó lọ mú ọmọ nílé ìwé rí, àpò sìmẹ́ǹtì ló gbé wálé. Ó gbé omi kaná rí, ó jáde lọ tún pọ́ọ̀pù ṣe. Ìkòkò ọjọ́ náà ṣì wà lábẹ́ síìǹkì, ìdí rẹ̀ ti lu, ìyàwó rẹ̀ kò sì gbà kó dà á nù, ó ní ẹ̀rí ni. Bàbá Páìpù mọ ara rẹ̀. Nítorí náà, ní ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ lọ gan-an, ó fi ọgbọ́n iṣẹ́ rọ́pò iyè. Ó mú ìgò ike kan, ó lu ìdérí rẹ̀, ó ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, ó fi táàpù kékeré kan sẹ́nu rọ́bà náà, ó wá fi wáyà so gbogbo rẹ̀ rọ̀ sókè fèrèsé. Omi ń kán sínú ife náà, tó, ó sinmi, tó, ó sinmi. Ó sún sẹ́yìn, ó fọwọ́ lé ìbàdí, ó wò ó. Kò ná an ní nǹkan kan. Inú àpótí iṣẹ́ rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti wá.

Kò pẹ́ ni ewé ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n. Ó pọ́n tán, ó wá ń dán bí ọ̀rá tí wọ́n bu omi sí, èèyàn lè rí òdìkejì. Bàbá Páìpù fọwọ́ kan ọ̀kan, ó já bọ́ sí i lọ́wọ́, ó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀.

"Òùngbẹ ni," ló wí. Ó tú táàpù náà sí i.

Ewé mìíràn tún bọ́.

Ìyàwó rẹ̀ pè lórí fóònù. Ó sọ bí ìkókó ṣe ń sun, bó ṣe ń ké, ẹni tí imú rẹ̀ jọ. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè pé, "Àbúrò ńkọ́?"

"Ó wà."

"Ó wà báwo?"

"Ó ń sinmi," ni Bàbá Páìpù fèsì, ó sì yára béèrè nípa imú ọmọ.

Ẹ̀rù ti bẹ̀rẹ̀ sí bà á. Bí ẹni pé ewéko yìí mọ̀ pé onílé kò sí nílé. Ó mumi, ó ń kú; wọ́n fi kún omi, ó ń yára kú. Irú ìṣirò wo nìyẹn? Lọ́jọ́ kejì, kàkà kó gbé ife náà rìn kó lọ já fọ́ lọ́nà, ó ṣa ewé tó bọ́ àti èékánná yẹ̀pẹ̀ kan sínú ọ̀rá, ó gbé e lọ bá ìyá kan tó ń ta òdòdó inú ìkòkò létí títì, bí ẹni gbé ìtọ̀ lọ fún dókítà.

Ìyá olódòdó náà tẹ ewé náà láàárín ìka méjì. Omi rú jáde.

"Ẹ ti bomi pa á," ni obìnrin náà wí.

"Ìyá, ó ń rọ ni. Ṣé òùngbẹ kọ́?"

"Tó bá jẹ́ òùngbẹ ni, á hunjọ bí ẹ̀yìn ọwọ́ mi yìí. Èyí ti yó, ó ti yó bẹ́. Àwọn ẹ̀yà rẹ̀ yìí, inú ewé ni wọ́n ń gbé omi tiwọn pamọ́ sí. Òjò tó rọ̀ lóṣù tó kọjá, òun ló ṣì ń mu lóṣù yìí. Ẹ jẹ́ kó rí oòrùn, kẹ́ ẹ sì fi í sílẹ̀ títí yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ á fi gbẹ dénú."

"Kí n má fún un lómi rárá?"

"Ẹ̀kán kan, ẹ ò gbọdọ̀."

Ó dùn ún díẹ̀, nítorí ẹ̀rọ tó ṣe sójú fèrèsé náà wù ú. Ṣùgbọ́n ó délé, ó tú u palẹ̀, àti wáyà, àti rọ́bà, àti táàpù, ó dá gbogbo rẹ̀ padà sínú àpótí. Ó kọ́wọ́ sẹ́yìn. Ó dúró kí yẹ̀pẹ̀ gbẹ.

Yẹ̀pẹ̀ kò gbẹ.

Ó ń ti ìka bọ̀ ọ́ láràárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́: tútù. Tó bá dé lálẹ́: rinrin. Lọ́jọ́ kan, ó tilẹ̀ rí omi tó dúró lójú yẹ̀pẹ̀, ó ń dán sí i bí ojú ẹni tó ń fini ṣẹ̀sín. Ó wo òkè àjà, àjà gbẹ. Ó wo ojú ọ̀run láti ojú fèrèsé. Òjò kò rọ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ó rò ó bóyá èémí ìkòkò orí sítóòfù ni, ó wá rántí pé búrẹ́dì ni òun àti ìyá òun ń jẹ láti ìgbà tí ìyàwó ti lọ.

Ìyá rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá, ń gbé yàrá ẹ̀yìn. Wọ́n ti dàgbà, etí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́, àmọ́ ẹnu wọn mú. Nígbà tí Bàbá Páìpù gbé Àbúrò kúrò lójú fèrèsé, tó gbé e sórí tábìlì pálọ̀ láti wò ó bóyá á gbẹ níbẹ̀, ó dé láti ibi iṣẹ́, ó bá a lójú fèrèsé padà.

"Màmá, ta ló gbé nǹkan yìí?"

"Èmi ni. Ibẹ̀ ni ìyàwó ẹ ní kó máa wà. Ṣé o fẹ́ kí ilé yìí dàrú kó tó dé ni?"

Bàbá Páìpù wo ìyá rẹ̀, ó wo ewéko, ó fi í síbẹ̀. Ká ní ó rò ó síwájú díẹ̀ sí i ni, ìtàn yìí ì bá ti parí síbẹ̀, owó táìsì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ì bá sì wà lápò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mú òòlù lọ́wọ́, ìṣó ló máa ń rí. Omi kì í purọ́. Ó níbi tó ń gbà. Lẹ́yìn ògiri fèrèsé yẹn gan-an ni páìpù tó ń gbé omi lọ sókè fún àwọn ayálégbé gbà kọjá.

Ó fi orí sípánà kan ògiri, ó fi etí sí ìdí rẹ̀, bó ṣe ń ṣe nílé onílé. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ti gbogbo táàpù ilé pa, lókè àti nísàlẹ̀, ó jókòó ti mítà omi. Abẹ́rẹ́ mítà kò mira. Oníṣẹ́ mìíràn ì bá gbà pé kò sí jíjò. Àmọ́ òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti ìka bọ yẹ̀pẹ̀: tútù! Inú bí i. Ó mú òòlù àti irin ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ tó fi ń gbẹ́ ògiri, ó dojú kọ ògiri.

Àǹtí aránṣọ tí yàrá rẹ̀ dojú kọ tiwọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà yọjú láàárín àwọn gíláàsì fèrèsé tó ṣí sílẹ̀, téèpù lọ́rùn, abẹ́rẹ́ lẹ́nu.

"Dádì, ṣé ilẹ̀kùn lẹ fẹ́ là wá sọ́dọ̀ mi ni? Ẹ kúkú kan èyí tó wà tẹ́lẹ̀."

"Omi ń jò."

"Níbo?"

"Ohun tí mò ń wá nìyẹn."

"Háà! Oníṣẹ́ omi tí ilé rẹ̀ ń jò. Ẹ má jẹ́ kí àwọn oníbàárà yín gbọ́ o, wọ́n á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín." Ó rẹ́rìn-ín, ó wọlé, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí ké.

Táìsì àkọ́kọ́ ṣí. Èkejì fọ́. Irú táìsì yẹn kò sí lọ́jà mọ́. Ẹni tó bá fọ́ ẹyọ kan ti ra odidi ògiri. Bàbá Páìpù mọ̀ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò sì dúró, títí ó fi kan páìpù náà. Ó fọwọ́ pa á lókè, ó pa á nísàlẹ̀. Ó gbẹ bí egungun. Eruku ló wà lára rẹ̀. Kódà, aláǹtakùn ti kọ́lé sí i, ó ti bímọ síbẹ̀.

Ó jókòó lórí àpótí iṣẹ́ rẹ̀. Àbúrò wà lókè orí rẹ̀ nínú ife búlúù, ó ti ku ìwọ̀nba ewé àárín. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, Bàbá Páìpù bá omi tí kò níbi tó ti wá. Bí omi bá wá lè purọ́, kí lèèyàn á gbára lé mọ́? Àti pé, kí ni òun máa sọ fún ìyàwó òun? Pé òun kò bomi sí i, omi sì pa á?

Ìgbàgbé tó ń dà á láàmú ló wá gbà á. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, ó dé ilé oníbàárà, ó rí i pé òun kò mú sípánà ńlá wá. Ó padà sílé. Bó ṣe ń wọ ilé ìdáná, ó rí ọwọ́ kan tó ti àárín gíláàsì fèrèsé wọlé láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọwọ́ náà mú ìgò tí wọ́n fi ń fín omi sára aṣọ kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Ó dojú ìgò kọ Àbúrò. Fìn, fìn, fìn.

Bàbá Páìpù di ọrùn ọwọ́ náà mú.

"Yéè! Ẹ gbà mí o!" Ohùn Àǹtí aránṣọ ni.

"Ìwọ ni!"

"Dádì, ẹ fi mí sílẹ̀ ná, ẹ máa kán an, òun ni mo fi ń rán aṣọ!"

"Ìwọ lò ń rọ omi sí nǹkan yìí látọjọ́ yìí, tó o dúró síbí, tó ò ń wò mí bí mo ṣe ń fọ́ ògiri ilé mi?"

"Ṣé mo mọ̀ pé torí eléyìí ni? Ẹ ní omi ń jò, mo rò pé omi ń jò ni!" Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó ń fọwọ́ pa á. "Ìyàwó yín ló bẹ̀ mí. Ó ní kí n máa fún un lómi díẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ó ní kí n má sọ fún yín, kẹ́ ẹ má baà rò pé òun ò fọkàn tán yín."

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ tí Màmá fi wọ́ bàtà wọlé láti yàrá ẹ̀yìn, ife lọ́wọ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lo oògùn àárọ̀ wọn tán. Wọn kò wo ọmọ wọn, wọn kò wo aránṣọ. Wọ́n lọ tààrà síwájú fèrèsé, wọ́n da omi tó kù nínú ife oògùn náà sórí Àbúrò, wọ́n sì gbọn ife náà dáadáa kí ẹ̀kán kan má ṣòfò.

"Màmá!"

"Kí ló dé tó ò ń pariwo? Ṣé o fẹ́ kó kú ni? Ìyàwó ẹ ní kí n máa ràn ọ́ lọ́wọ́, pé wàá gbàgbé."

Aránṣọ bú sẹ́rìn-ín níta fèrèsé, ó wá rí ojú Bàbá Páìpù, ó gbé ẹ̀rín náà mì.

Kò sí ẹni tó jẹ̀bi, gbogbo wọn ló pa á. Ohun tó dojú rú mọ́ ọn lọ́wọ́ nìyẹn. Ó yọ fóònù lápò láti pe ìyàwó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀: o ò fọkàn tán mi, o gba ẹ̀yìn mi lọ bẹ àdúgbò, ọwọ́ ara rẹ lo fi pa àbúrò rẹ. Ó wo ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn lẹ́ẹ̀kejì, ó rí iye tó máa náni. Ìkókó ń bẹ lọ́wọ́ obìnrin náà. Tó bá gbọ́ ọ, á sunkún dé ilẹ̀, ewé kan kò sì ní tìtorí ẹ̀ padà sára igi. Ọjà tí kò lérè ni. Ó dá fóònù padà sápò.

"Ẹ wá dì í mú fún mi," ló sọ fún àwọn méjèèjì. "Ẹ̀yin lẹ fún un lómi, ẹ ó bá mi gbà á lẹ́nu ikú."

Wọ́n tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀, wọ́n fa Àbúrò yọ. Òórùn gba gbogbo ilé ìdáná. Gbòǹgbò rẹ̀ ti dúdú, ó ń já bí òwú tó ti jẹrà. Bàbá Páìpù wá gbé ife búlúù náà sókè láti da ẹrẹ̀ inú rẹ̀ nù. Ó yí ìdí rẹ̀ wò. Ó tún un wò. Ìdí ife náà dí pa. Kò sí ihò kankan.

Ojú tì í. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi ń pariwo mọ́ àwọn tó ń kọ́lé pé ọ̀nà tí omi máa gbà jáde ṣe pàtàkì ju ọ̀nà tó máa gbà wọlé lọ. Ọjọ́ mélòó ló ti gbé ife yìí lọ́wọ́ tí kò yí ìdí rẹ̀ wò? Nígbà tí omi kékeré ń wọlé láti ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo, Àbúrò ń mu ún tán. Nígbà tó di ọwọ́ ẹni méjì pẹ̀lú ẹ̀rọ, inú adágún ló ń gbé.

Aránṣọ mú abẹ tó fi ń tú ojú rírán wá, ó fi iná pa kòkòrò ara rẹ̀. Bàbá Páìpù gé igi Àbúrò láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ó ń gé ibi tó dúdú kúrò díẹ̀díẹ̀, títí ó fi kan ibi tó funfun. Ohun tó kù kò ju orí kékeré kan lọ pẹ̀lú igi tó gùn tó èékánná. Ó lọ bi ìyá olódòdó, ìyẹn sì ní kó má tíì gbìn ín. Kó gbé e síbi tó gbẹ títí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ á fi di èépá, kó wá po iyanrìn oníhóró ńlá mọ́ yẹ̀pẹ̀ díẹ̀.

Ife ló wá kù. Ti olóògbé ni, kò ṣe é dà nù. Bàbá Páìpù fi ẹ̀rọ ìlúhò tó fi ń lu táìsì lu ìdí rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, Màmá di ife mú lórí aṣọ tí wọ́n ká, aránṣọ ń fín omi sí i kó má baà gbóná kó là.

"Dádì, ẹ rí i pé ìgò mi wúlò," ló wí.

"Dákẹ́, kó o máa fín in."

Ihò lu. Ife kò là. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mí kanlẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gbìn ín tán, iṣẹ́ tó le jù ló wá bẹ̀rẹ̀: ká jókòó, ká má ṣe nǹkan kan. Olúkúlùkù ń ṣọ́ ẹnì kejì. Tí Màmá bá ń ti ilé ìdáná kọjá pẹ̀lú ife oògùn, Bàbá Páìpù á wúkọ́. Màmá á dúró níwájú rẹ̀, wọ́n á mu omi náà dé ìsàlẹ̀, wọ́n á dojú ife délẹ̀ kó rí i. Aránṣọ á nawọ́ òfìfo wọ ojú fèrèsé, á ní, "Ẹ wò ó o, kò sí nǹkan níbẹ̀." Àbúrò sì jókòó láàárín wọn, kò dàgbà, kò kú. Ó hunjọ díẹ̀. Ṣé ó ń yè ni, àbí ó ń kú lọ́nà mìíràn? Kò sẹ́ni tó lè sọ.

Bó ṣe wà nìyẹn tí ìyàwó fi dé.

Kò jókòó. Ó gbé báàgì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ kí Màmá, ó sì lọ tààrà sójú fèrèsé. Bàbá Páìpù tẹ̀ lé e. Màmá tẹ̀ lé Bàbá Páìpù. Níta, ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́.

Obìnrin náà wo Àbúrò títí.

"Ó ti kéré," ló wí.

"Ara rẹ̀ ò yá ni. Ó ti ń..." Bàbá Páìpù kò mọ̀ bóyá yíyè ni kó wí tàbí kíkú.

"Ẹ̀ẹ́hẹn. Òùngbẹ ti pa á jù." Ó mú ife, ó na ọwọ́ sí táàpù.

"Má ṣe!" ni Bàbá Páìpù ké.

"Má dán an wò!" ni Màmá wí.

"Mọ́mì, ẹ dákun!" ni ohùn kan láti ojú fèrèsé.

Ife dúró lójú òfuurufú. Obìnrin náà wo ọkọ rẹ̀, ó wo ìyá ọkọ, ó wo orí aránṣọ láàárín gíláàsì. Ọ̀rọ̀ náà yé e díẹ̀díẹ̀; wọ́n rí i bó ṣe ń yé e. Ó rọra gbé ife sílẹ̀.

"Gbogbo yín lẹ fún un," ló wí.

"Gbogbo wa," ni Bàbá Páìpù dá a lóhùn. "Tó o bá mọ̀ pé o ò fọkàn tán mi, ojú mi ló yẹ kó o sọ ọ́ sí."

"Mo fọkàn tán yín. Ìgbàgbé yín ni mi ò fọkàn tán." Ohùn rẹ̀ já níparí. "Ẹ̀rù ló bà mí, Bàbá wọn. Òun nìkan ló kù fún mi."

 Ó fi ìka méjì mú orí Àbúrò, ó fà á sókè díẹ̀, bí ẹni fẹ́ wo ọgbẹ́ tí kò fẹ́ rí. Bàbá Páìpù gbójú sápá kan. Ewéko náà kò tẹ̀ lé e. Obìnrin náà tún fà á, ó le díẹ̀ sí i. Yẹ̀pẹ̀ ló gbọ̀n; Àbúrò kò yọ.

"Ó ti di ilẹ̀ mú," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Àbúrò, o kú ilé o."

Bàbá Páìpù mí. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ihò ìdí ife, bó ṣe lu láìlà, tí ìyàwó rẹ̀ fi gbójú sókè láti ara Àbúrò, tí ojú náà lọ sára ògiri, sí páìpù tó wà níta gbangba, sí ibi tí táìsì méjì ti ṣí.

"Bàbá wọn, kí ló ṣe ògiri mi?"

 Bàbá Páìpù wẹ̀yìn fún ìrànlọ́wọ́. Màmá ti ń wọ́ bàtà lọ sí yàrá ẹ̀yìn, etí wọn kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ rárá. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ ti bẹ̀rẹ̀ sí ké kíkankíkan.